Orí Alága Lẹ́yìn Káàdì

Òórùn íǹkì tútù àti kẹrosíìnì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní àdúgbò wa ní Ṣómólú, kí ó tó rí ojú ẹnikẹ́ni. Àkísà tí wọ́n rì sínú kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń nu rólà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òórùn yẹn á sì wọnú aṣọ, á wọnú irun, á wọnú ọbẹ̀ tí èèyàn ń sè ní ẹ̀yìnkùlé. Ogójì ọdún ni mo fi bá a gbé, nítorí ìsàlẹ̀ ilé ni ilé ìtẹ̀wé ọkọ mi wà, òkè ni àwa ń sùn. Àwọn ẹlòmíràn a máa sọ pé òórùn yẹn ń rán wọn létí ìwé tuntun àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé ẹ̀kọ́. Tíṣà ni èmi náà, mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò títí mo fi fẹ̀yìn tì, ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bí òórùn náà bá ti kàn mí nímú báyìí, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń gbé wá síwájú mi, ọ̀sẹ̀ tí àwọn àgbà ọkùnrin kan jókòó ní Bàrígà, tí wọ́n ba orúkọ àbúrò mi jẹ́, tí wọ́n sì padà sílé lọ jẹun. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Àwọn tí mò ń bẹ̀rù ti kú, ẹni kan tó ṣẹ́kù nínú wọn kò sì lè fi mí ṣe nǹkan kan mọ́, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àbíkẹ́yìn ìyá mi ni àbúrò mi yìí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jù ú, èmi ni mo sì tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí ọ̀kadà gbá a lọ́nà Àkókà, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn eléegun ní Igbóbì. Oṣù mẹ́ta ló fi ẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀, wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè, wọ́n so nǹkan wúwo mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹkún ló ń sun. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé oúnjẹ dé, mo bá a tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ́ káàdì sórí àyà rẹ̀. Atukọ̀ ojú omi kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ tirẹ̀ méjèèjì wà nínú pí-ó-pí tí wọ́n fi ń di egungun, òun ló ń kọ́ ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà, mo tilẹ̀ bu ìrẹsì fún un. Bí mo bá mọ ibi tí ìrẹsì yẹn máa gbé wa dé, bóyá ǹ bá ṣì bù ú, nítorí ayọ̀ tí ọmọ náà rí nínú káàdì, n kò rí irú rẹ̀ lójú àgbàlagbà kankan rí, ì báà ṣe nídìí ìsìn, ì báà ṣe nídìí owó.

Ó ka ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì tó wà ní Àkókà, ó ṣe dáadáa, báǹkì kan sì gbà á síṣẹ́. Ọdún méjì péré ló ṣe níbẹ̀. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan pé òun ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, póòkà ni òun fẹ́ máa ta jẹun. Mo sunkún bí ẹni tí òkú kú fún. Ó dúró kí n sunkún tán, ó mú bírò àti bébà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bí èmi náà ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Káàdì méjì ni wọ́n ń pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìdojúbolẹ̀, ìwọ nìkan lo mọ tìrẹ. Wọ́n á wá ṣí márùn-ún sáàárín tábìlì, èyí tí gbogbo yín jọ ni, ẹ ó sì máa fi owó lé e bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ẹni tí tirẹ̀ bá lágbára jù ló jẹ, tàbí ẹni tó bá mú kí àwọn yòókù gbà pé tirẹ̀ ló lágbára jù, títí tí wọ́n fi da tiwọn nù.

"Àǹtí mi," ló wí, "tẹ́tẹ́ ni kí èèyàn jókòó máa gbàdúrà kí káàdì tó dáa wá. Èmi kì í gbàdúrà nídìí ẹ̀. Mò ń ṣírò káàdì, mo sì ń ka èèyàn."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. N kò tíì rí òṣìṣẹ́ tó kó ara rẹ̀ níjàánu tó bẹ́ẹ̀. Kì í mu ọtí. Lówùúrọ̀ á sáré yí pápá yunifásítì ká, á wá jókòó ti ìwé kan tó ń kọ gbogbo ayò tó ti ta sí, ibi tó ti ṣàṣìṣe àti ohun tó fà á. Ó lọ ta á ní Gánà, ó lọ sí Kẹ́ńyà, ó lọ sí Mòrókò, ó jókòó sí tábìlì àṣekágbá láàárín àwọn òyìnbó tí wọ́n ti ń ta á kí wọ́n tó bí i. Àwọn ìyá ìjọ wa ń gbàdúrà fún òun àti àwọn ọ̀mùtí lóṣooṣù, bí òrùlé ìjọ bá sì ń jò, òun náà ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ẹ̀rọ ńlá tí ọkọ mi fi ń gé bébà, èyí tó sọ ọ́ di ẹni tó ń tẹ kàlẹ́ńdà kúrò ní ẹni tó ń tẹ ìwé ìpè, ta ló rà á fún un? Fi èyí sọ́kàn, nítorí ọkọ mi kò fi í sọ́kàn.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Bàrígà tí àwọn ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì ti máa ń ta káàdì lọ́sàn-án Sátidé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí ọ̀sà ni wọ́n ń lò, níbi tí èéfín ẹja àwọn ará Ìlàjẹ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, tí gbogbo wọn á fi máa nu ojú bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti kọ́kọ́ bá àgbà jókòó nídìí tábìlì, kò sì yé lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tó di ẹni tí wọ́n ń pè lókè òkun. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n fẹ́ yan àwọn tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè wa nínú ìdíje ńlá kan lẹ́yìn odi, orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tó ti wá, kí wọ́n jẹ́rìí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nínú iṣẹ́ wọn, ọwọ́ mímọ́ ni gbogbo nǹkan. Ẹni tí wọ́n bá ti pè ní olè nídìí káàdì lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tí yóò tún bá a jókòó. Alága ẹgbẹ́ ni yóò fọwọ́ sí lẹ́tà náà, ó sì ti ṣèlérí pé lọ́jọ́ ìdíje ọdọọdún wọn ni òun yóò fi lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn.

Alága yìí, kí Ọlọ́run forí jì í bó bá wù Ú, kò fẹ́ràn ohunkóhun láyé tó ojú ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà, ojú rẹ̀ wà lára ìwé kíkọ àwọn ọmọdé, ó wà lára agboòrùn, ó wà nísàlẹ̀ abọ́ oníke tí èèyàn á jẹ ẹ̀bà tán kí ó tó bá a pàdé. Ìwọ náà mọ Ṣómólú wa. Ohun tí a kò bá tíì lẹ ojú ẹnì kan mọ́, a kò kà á sí ohun tí a tẹ̀. Ọkọ mi ló ń tẹ gbogbo rẹ̀ fún un, ìdajì oúnjẹ ilé wa ló sì ti ibẹ̀ ń wá. Lọ́dún náà, alága ní òun fẹ́ kí wọ́n tẹ igba páálí káàdì tí yóò ní ojú òun lẹ́yìn, kí ẹgbẹ́ fi ta ìdíje, kí àlejò kọ̀ọ̀kan sì mú ọ̀kan lọ sílé.

Mo wà ní ìsàlẹ̀ ní ọ̀sán tí àbúrò mi wọlé. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, èmi ni mò ń yẹ àṣìṣe wò nínú ohun tí ọkọ mi bá fẹ́ tẹ̀, nítorí náà mo ní àga tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bébà àkọ́kọ́ jáde ni, íǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Àbúrò mi gbé e sókè, ó yí i po, ó tún yí i po, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ó ní káàdì yìí ní orí, ó sì ní ìdí. Ó ṣàlàyé fún ọkọ mi pé ẹ̀yìn káàdì gbọ́dọ̀ rí bákan náà, bí èèyàn dì í lókè tàbí nísàlẹ̀, torí bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá yí àwọn tó wù ú sódì yóò máa dá wọn mọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìṣí wọn wò. Ó fa ọba kan yọ nínú káàdì àpò rẹ̀, ó fi hàn án pé orí méjì ni wọ́n yà fún ọba, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ ṣe Alága bíi ti ọba yìí, ó parí."

Ọkọ mi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Kí n da orí Alága kodò? Kí n wá tẹ̀ ẹ́, kí n pín in kárí Bàrígà? Tí ẹ̀fọ́rí bá mú ọkùnrin yẹn lọ́la, ilé ta ni wọ́n máa wá?"

Àwọn obìnrin méjì tó ń to bébà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni ní ìṣirò, tí ọ̀rọ̀ ọmọ náà yé mi yéké, mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé bọ́rọ̀ ṣe rí ní ilẹ̀ wa nìyẹn. A kì í da orí àgbà kodò lórí bébà. Òkú ọ̀tá ni èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Àbúrò mi ní ó dáa, kí wọ́n kàn ya fìlà alága nìkan káàkiri ẹ̀yìn káàdì. Ọkọ mi ní kí ó lọ sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀. Ó lọ. Alága bi í pé, fìlà òun nìkan, ṣé òun ti kú ni? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n pe àwa ìyàwó náà, mo sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ooru mú, èéfín ẹja ń wọlé, àwọn àgbà ń fi àwòrán alága fẹ́ ara wọn, nítorí ó ti tẹ abẹ̀bẹ̀ náà. Wọ́n tú páálí tuntun níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n pò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, ẹni tó ń pín in sì ń fà wọ́n padà bó ṣe tẹ́ wọn, kì í yí ọ̀kankan po. Nígbà tí wọ́n ta á díẹ̀, àbúrò mi sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní òun bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n lo káàdì mìíràn, ẹ̀yìn èyí kò dọ́gba. Alága ní kí ó fi ojú òun ta á tàbí kí ó dìde. Ó yẹ kí ó dìde. Mo ti rò ó lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ó yẹ kí ó dìde. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ wà nínú àpò agbádá ọkùnrin yẹn, ó sì jókòó. Mo rí i pé láti ìgbà náà lọ, kò tún wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú èèyàn ló gbájú mọ́.

Nígbẹ̀yìn, ó ku òun àti ọ̀gá àṣọ́bodè kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin yìí kò fẹ́ràn ilé wa, nítorí ọmọ rẹ̀ gba òdo lọ́wọ́ mi nígbà kan, òdo náà sì tọ́ sí i. Ọ̀gá àṣọ́bodè ti gbogbo owó ayò tó wà níwájú rẹ̀ sáàárín tábìlì pẹ̀lú ìgboyà. Àbúrò mi ní káàdì tó dáa lọ́wọ́, èèyàn mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni yóò fi owó tiwọn náà lé e. Ó wo ojú bàbá náà pẹ́, ó sì da tirẹ̀ nù. Nígbà tí bàbá náà ṣí tirẹ̀ sílẹ̀, ọba méjì ló dì lọ́wọ́. Àbúrò mi ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà kẹta ó jẹ bàbá náà tán pátápátá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá àṣọ́bodè kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Ó kó káàdì jọ, ó tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ ẹrù wò ní bodè, ó sì ní kí gbogbo èèyàn wá wò ó.

Gbogbo eésì, gbogbo ọba, gbogbo ayaba, gbogbo jáàkì, mẹ́rìndínlógún gbáko, orí alága kọ sí ìsàlẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù, orí rẹ̀ wà lókè. Ẹnikẹ́ni kò rí i láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí tábìlì róbótó ni, èyí tó wà lókè lójú rẹ ló wà nísàlẹ̀ lójú ẹni tó kọjú sí ọ, àgbàlagbà wo ló sì ń wo ẹ̀yìn káàdì ẹlòmíràn. Àbúrò mi ní òun rí i. Ó ní ohun tí òun rí nìyẹn tí òun fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá àṣọ́bodè fi í rẹ́rìn-ín.

"Olè tó gbọ́n ló máa ń kọ́kọ́ pariwo olè. Ta ló kọ́ wa pé wọ́n lè fi ẹ̀yìn káàdì jalè? Òun náà ni. Nínú gbogbo wa níbí, ta ló mọ̀ ọ́n?"

Ohun tí wọ́n fi mú un nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n, nítorí náà ó ṣe é. Alága ti lẹ́tà náà padà sínú àpò rẹ̀, ó ní kí gbogbo èèyàn padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí àwọn lè gbọ́ tẹnu ẹni gbogbo.

Ní ọjọ́ Ajé, ọkọ mi lọ ra bébà, mo sì wọ yàrá tí wọ́n ń kó iṣẹ́ tó ṣẹ́kù sí. Páálí káàdì bíi méjìlá ló wà níbẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn kò tíì já. Mo já ọ̀kan. Mo tò ó sórí tábìlì bí bàbá yẹn ṣe tò ó. Mẹ́rìndínlógún, orí alága kọ sí ìsàlẹ̀. Mo já ìkejì, mo já ìkẹta, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, ó sì yé mi. Orí bébà kan ni wọ́n tẹ àwọn káàdì onínọ́ńbà sí, orí bébà mìíràn ni wọ́n tẹ eésì àti àwọn olórí méjì sí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ẹ̀yìn wọn, ẹnì kan fi bébà kejì sínú ẹ̀rọ ní òdì. Ta ni yóò mọ̀? Ọba olórí méjì kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Igba páálí ni wọ́n tẹ̀, mẹ́rìndínlógún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba káàdì. Kò sí ẹ̀dá tó lè fi ọwọ́ yí ìyẹn ní ilé ìtẹ̀wé ẹni ẹlẹ́ni kí ó tó fi ọ̀rá wé e. Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Àṣìṣe ilé wa ni.

Mo ń dúró dé ọkọ mi bí ẹni tó fẹ́ fún un ní ìròyìn ayọ̀. Nígbà tó dé, mo fi hàn án, ó wò ó, kò sì yà á lẹ́nu. Ó ní òun ti mọ̀ láti alẹ́ Sátidé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀, bí ó ṣe máa ń bá oníbàárà tó ń kánjú sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun bá jẹ́wọ́, alága yóò sọ pé òun da orí rẹ̀ kodò lọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, òun sì pín in fún gbogbo ayé, ohun tí òun sá fún gan-an. Ó ní kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ ń kọ́, àwọn obìnrin méjì tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní ọmọ nílé.

"Orúkọ préèsì yìí lèmi àti ìwọ fi ń jẹun, Màmá. Àbúrò ẹ ò tíì darúgbó. Á tún orúkọ tiẹ̀ ṣe."

Lẹ́yìn náà ó kó àwọn páálí yòókù, ó gbé wọn sábẹ́ ẹ̀rọ ìgébébà, ẹ̀rọ tí àbúrò mi rà fún un, ó sì gé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti òkè. Kò mọ̀ pé mo ti mú páálí kan tí ọ̀rá rẹ̀ kò já, mo ti fi sínú báàgì mi.

Ní Sátidé kejì, mo gbé báàgì náà lé itan, mo jókòó sí ibi tí mo jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò nira. N ó dìde, n ó gbé páálí náà lé alága lọ́wọ́, n ó ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ọ̀rá rẹ̀. Mo ti tún un sọ lọ́kàn mi títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n bi ọkọ mi bóyá àbúrò mi wá sí ilé ìtẹ̀wé kí wọ́n tó wé káàdì ní ọ̀rá. Ó ní ó wá. Wọ́n bi í bóyá ó fọwọ́ kan káàdì. Ó ní ó gbé e lọ́wọ́, ó yí i po. Wọ́n bi í bóyá ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ó sọ ọ́. Ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Kò parọ́ kankan, ìwọ ọ̀rẹ́ mi. Títí ó fi kú, ohun tó ń fi yangàn nìyẹn, pé òun kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Àbúrò mi ní kí wọ́n wá káàdì mìíràn nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá àṣọ́bodè ní àwọn àlejò ti kó tiwọn lọ, ti ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti dàrú nídìí ọmọdé. Ọkọ mi ní kò sí èyí tó ṣẹ́kù ní préèsì. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́ ní ti ohun tí òun mọ̀. Alága wá yíjú sí mi. Ó ní:

"Ìyáàfin Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kàwé jù níbí, ẹ̀yin lẹ sì tọ́ ọ. Ṣé ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ bá wa sọ?"

Ọwọ́ mi wà lórí síípù báàgì náà. Ọkọ mi kò wò mí, ó kàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo wo àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, mo wo ojú alága tó ń fi ojú ara rẹ̀ fẹ́ ooru, mo ronú nípa ilé, nípa ìsàlẹ̀ ilé, nípa bí mo ṣe máa wọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ọkọ mi padà sí Ṣómólú. Mo ní:

"Mi ò ní nǹkan kan láti sọ, sà."

Àbúrò mi wo ọwọ́ mi. Kò pẹ́ tó àkókò tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú. Ó wo ojú mi, ó sì bojú kúrò. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn bí ọmọ tí a kọ́ nílé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Wọn kò fún un ní lẹ́tà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnì kan ti ya àwòrán káàdì náà, ó ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹni tó ń ta káàdì láti Bàrígà dé Erékùṣù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ayíkáàdì. Kò sí tábìlì kan ní Èkó tó gbà á láyè mọ́. Àwọn tó ń yan èèyàn fún ìdíje yan ẹlòmíràn, àwọn tó ń pè é sí Gánà kò pè é mọ́.

Ó kúrò nílùú ní ọdún kejì. Ìlú òtútù kan ló ń gbé báyìí, nínú yàrá kan, ó ń ta póòkà lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀, lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ojú níbẹ̀. Àwòrán ológbò ni ẹlòmíràn fi ń ṣe ojú, òdòdó ni ti ẹlòmíràn. Ọkùnrin tí Ọlọ́run dá láti máa ka èèyàn, ẹ̀yìn gíláàsì ló jókòó sí, tó ń ṣírò. Ó ń rí oúnjẹ jẹ. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ nítorí ìyẹn.

Alága kú, wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ káàkiri, ọkọ mi kọ́ ló sì tẹ̀ ẹ́, nítorí àwọn ọmọ alága ti rí ibi tó dínwó. Ìyẹn ni èrè ọkọ mi lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá àṣọ́bodè ṣì wà láyé, ó ṣì ń sọ ìtàn bí òun ṣe mú olè káàdì, mo gbọ́ pé ó ti wá sọ pé òun rí i tó ń yí i lábẹ́ tábìlì. Bí ó bá ka èyí, kí ó kà á dáadáa, kí ó sì ka òdo tí mo tún fún un. Ọkọ mi kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo tọ́jú rẹ̀ títí dópin, mo fi ṣíbí bọ́ ọ, mo sì ń retí pé yóò sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan kí ó tó lọ. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé kí n má jẹ́ kí wọ́n ta ẹ̀rọ ìgébébà ní ọ̀pọ̀. Mo tà á ní ọ̀pọ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ín, mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Mo sọ ohun gbogbo fún un, yàrá ìkẹ́rùsí, páálí tí mo já, ohun tí ọkọ mi wí, àti èyí tó wà nínú báàgì mi lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ó gbọ́ mi títí dópin. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ohùn ẹni tó ń ṣàlàyé ayò fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta.

"Mo mọ̀, Àǹtí mi. Mo rí ọwọ́ yín lórí báàgì. Mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ dì í mú, mo sì rí ìgbà tí ẹ jù ú sílẹ̀."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi bi mí látọjọ́ yìí wá, nínú gbogbo ọdún tó fi ń pè mí ní ọdún tuntun, tó ń béèrè àlàáfíà orúnkún mi. Ó ní nínú iṣẹ́ àwọn, bí ẹnì kan bá da káàdì rẹ̀ nù, a kì í bi í léèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní òfin ni, ẹ̀tọ́ ẹni náà sì ni. Ó wá béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti bú nínú ìwé yìí, n kò sì bẹ ẹnì kankan nínú wọn. Ohun tó yé mi ni pé ọkọ mi gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ alága, alága gba ìyìn lọ́wọ́ ara rẹ̀, ọ̀gá àṣọ́bodè gbẹ̀san òdo ọmọ rẹ̀ lára ẹ̀jẹ̀ mi. Olúkúlùkù mọ ohun tí òun jókòó tì. Èmi nìkan ló ní káàdì tó lè jẹ gbogbo wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì dà á nù nítorí ikọ́ ọkùnrin kan. Àwọn tó gbọ́ ọ nínú ẹbí ní àbúrò mi ti dárí jì mí, kí n dúpẹ́, kí n sinmi. Kò dárí jì mí. Ó ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún àlejò nídìí tábìlì, ó fi ẹ̀tọ́ mi sílẹ̀ fún mi. Ká ní ó pariwo mọ́ mi, ká ní ó bi mí lẹ́ẹ̀kan péré pé kí ni mo dì mú lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ṣì jẹ́.